Kẹ̀kẹ́ gígùn létí òkun: Kútọnu sí Grand-Popo

Ìyá Ìbejì, Èkó: Ẹ jọ̀ọ́, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ bá amọ̀nà kan gun kẹ̀kẹ́ láti Kútọnu gba Ouidah dé Grand-Popo, ní orílẹ̀-èdè Benin, ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti lé láàádọ́ta ọdún o. Ṣé ọ̀nà yẹn ò ní pa mí báyìí?

Bọ̀dé Oníkẹ̀kẹ́: Ẹ kú ìmúra, mà. Kò sí òkè níbẹ̀ rárá. Iyanrìn àti atẹ́gùn ni wàhálà. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn òkun sábà máa ń ti fẹ́, ìwọ̀-oòrùn lẹ sì ń lọ, torí náà ojú yín gan-an ni yóò máa gbá. Ẹ ní kí amọ̀nà fi ọkọ̀ gbé yín dé Grand-Popo, kẹ́ ẹ wá máa gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ ní Kútọnu, kí atẹ́gùn lè máa tì yín láti ẹ̀yìn. Táyà tó fẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà. Tẹ́ ẹ bá kan iyanrìn, ẹ dín afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kù. Lálaalẹ́, ẹ fi omi tí ò níyọ̀ ṣan ṣéènì, ẹ nù ún gbẹ, kẹ́ ẹ tó kán òróró sí i.

Àbẹ̀kẹ́ Àjàṣẹ́: Ẹ má lúwẹ̀ẹ́ lókun yẹn o! Omi ibẹ̀ ń fa èèyàn lọ.

Ìyá Ìbejì, Èkó: Mo gbọ́. Ẹrù wa ńkọ́?

Bọ̀dé Oníkẹ̀kẹ́: Ọkọ̀ amọ̀nà ló yẹ kó gbé e, mà. Ẹ jẹ́ kó wà nínú àdéhùn kẹ́ ẹ tó sanwó.