Ta ló lè bá mi rí kọ̀ǹpútà àtijọ́, 386 tàbí 486, tó ṣì ń ṣiṣẹ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀rọ kan wà ní ṣọ́ọ̀bù wa n'Íbàdàn tó ń fín lẹ́tà sára irin. Kọ̀ǹpútà DOS (ètò ìdarí kọ̀ǹpútà àtijọ́) ló ń darí rẹ̀, káàdì ISA (irú káàdì àtijọ́ tí wọ́n ń kì bọ inú kọ̀ǹpútà) ló so wọ́n pọ̀. Kọ̀ǹpútà ọ̀hún, 386DX, ti kú. Ẹ̀rọ ní tiẹ̀, koko lara rẹ̀ ṣì le.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n ra kọ̀ǹpútà tuntun. Turbo Pascal, èdè àtijọ́ kan tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni wọ́n fi kọ ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà. Bí kọ̀ǹpútà bá ti yára ju nǹkan bíi 200 MHz lọ, "Runtime error 200" ló máa gbé jáde, iṣẹ́ parí nìyẹn. Mo mọ̀ pé àtúnṣe wà fún ìyẹn. Àmọ́ ìyára kọ̀ǹpútà yìí náà ni ètò wa fi ń díwọ̀n yíyí mọ́tò: bó bá ti yá jù, mọ́tò á máa fo ìṣísẹ̀, lẹ́tà á sì wọ́.

Intel ti ṣíwọ́ ṣíṣe 386 láti 2007, nítorí náà tòkunbọ̀ ni mò ń wá: 386DX 33 MHz, ti AMD 40 MHz, tàbí 486 tó ní bọ́tìnnì turbo tí wọ́n fi ń dín ìyára rẹ̀ kù, kó ṣáà ti ní ojú ihò ISA. Ṣé ó ṣì kù lọ́wọ́ àwọn tó ń tú kọ̀ǹpútà àlòkù n'Íkẹjà? Ẹni tó bá sì ti lọ sínú BIOS (ibi tí wọ́n ti ń ṣètò kọ̀ǹpútà) kọ̀ǹpútà Pentium, tó pa cache rẹ̀ (ìrántí kékeré tó ń mú un yára) kó lè falẹ̀, ṣé ìyára rẹ̀ dúró sójú kan?