Àbọ̀ lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì tó ń kọ 50.2

Ẹ kú àdúrótì o. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lésà tí mo béèrè nípa rẹ̀ níbí, tó ń kọ 50.2 (nọ́ńbà tó ń sọ pé ibi tó ń gbóná nínú rẹ̀ ní ìṣòro), tí kì í tẹ nǹkan kan, ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ẹni tó dá mi lóhùn pé kí n yọ ọ́ lára UPS (bátìrì tó ń gbé iná dúró bí NEPA bá mú un lọ), kí n kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri tààrà, ló mọ̀ ọ́n. Fuser, ibi tó ń gbóná láti yọ́ tónà (lúbúlúbú yíǹkì) mọ́ bébà, máa ń fa iná gan-an. UPS wa kékeré ò lè gbé e. Pípa ẹ̀rọ náà fún ogún ìṣẹ́jú ràn án lọ́wọ́, àmọ́ ọjọ́ kan péré ni. Fuser tuntun? Mi ò rà á mọ́, owó mi yè.

Ohun tó kù: kì í fa bébà wọlé dáadáa. Rọ́bà tó ń fà á ti dán bí orí apárí. Mo fi aṣọ tútù nù ún, ó dín kù, kò tíì tán.