Ìmọ̀ràn lórí owó ìjọba Maryland fún yunifásítì àwọn aláwọ̀ dúdú

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọmọ àbúrò mi tí ó wà ní Baltimore yóò parí ẹ̀kọ́ girama lọ́dún tó ń bọ̀. A gbọ́ pé ìpínlẹ̀ Maryland ya owó ńlá sọ́tọ̀ fún àwọn yunifásítì àwọn aláwọ̀ dúdú. Ṣé owó náà máa ń dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́? Èwo nínú wọn ni kí a mú?

Bàbá Adékọ́lá:
Òótọ́ ni, mà. Mílíọ̀nù 577 dọ́là ni, tí wọ́n ń san láàárín ọdún 10 fún Morgan State, Coppin State, Bowie State àti University of Maryland Eastern Shore. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ìtọrẹ àánú. Ní ọdún 2006 ni àwọn alátìlẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí pe ìpínlẹ̀ náà lẹ́jọ́, nítorí pé ó ń gba àwọn yunifásítì mìíràn láyè láti dá irú ẹ̀kọ́ tí àwọn wọ̀nyí ti ní sílẹ̀ nítòsí wọn, èyí tí ó ń fa akẹ́kọ̀ọ́ kúrò lọ́dọ̀ wọn. Adájọ́ dá wọn láre ní 2013, síbẹ̀ Gómìnà Larry Hogan kọ̀ láti fọwọ́ sí òfin owó náà ní 2020, kí ó tó wá fọwọ́ sí i ní 2021. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ti kàwé jáde kí ẹ̀tọ́ wọn tó dé.

Àǹtí Fúnkẹ́:
Ẹ ṣeun, bàbá. Ìyá Ìbejì, ilé-ẹ̀kọ́ ni ìjọba ń san owó yẹn fún; ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́, olùkọ́ tuntun àti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tuntun wà lára ohun tí wọ́n lè fi ṣe. Nítorí náà, ọmọ náà ní láti béèrè fúnra rẹ̀ ní ọ́fíìsì tí ó ń rí sí ìrànlọ́wọ́ owó. Kí ó tún kọ FAFSA, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè ìrànlọ́wọ́ owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ṣáájú ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, nítorí pé òun ni ìpínlẹ̀ fi ń pín owó ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n fi orúkọ Howard P. Rawlings sọ fún àwọn ọmọ tí owó òbí wọn kò tó. Ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè kọ FAFSA lè kọ MSFAA, fọ́ọ̀mù ti ìpínlẹ̀ Maryland fúnra rẹ̀, dípò rẹ̀.

Bàbá Adékọ́lá:
Ní ti yíyàn, ẹ̀kọ́ tí ó wù ú ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ó bá jẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí iṣẹ́ ayàwòrán ilé, Morgan ni mo fara mọ́. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, Coppin wà ní Baltimore níbẹ̀. Eastern Shore dára fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ti apòògùn, ṣùgbọ́n ó jìnnà sílé. Kí ẹ tó gbà, ẹ bi wọ́n bóyá ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ náà yóò máa wà lọ́dọọdún títí yóò fi jáde, kí ẹ sì gbà á lákọsílẹ̀.