Fíìmù Astérix ti ọdún 1976: ṣé ó yẹ kí n fi han àwọn ọmọ kíláàsì mi?

Tíṣà Faransé, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Èdè Faransé ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ JSS 3 ní iléèwé kan nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, mo sì fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ tó máa ń ṣófo lẹ́yìn ìdánwò, kí iléèwé tó wọlé ìsinmi, láti fi fíìmù kàtúùnù kan hàn wọ́n. Les Douze Travaux d'Astérix, ìyẹn Iṣẹ́ Méjìlá Astérix, ni orúkọ rẹ̀, ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ṣe é jáde lọ́dún 1976. Fún ẹni tí kò bá tíì wò ó, ìtàn náà dá lórí abúlé kékeré kan ní ilẹ̀ Gaul, ìyẹn ibi tó di ilẹ̀ Faransé lónìí, tí àwọn ọmọ ogun Róòmù kò rí ṣẹ́gun nítorí àgbo agbára tí adáhunṣe ibẹ̀ ń sè fún àwọn ará abúlé. Àwọn ọmọ ogun tí wọ́n lù bolẹ̀ padà lọ ròyìn pé àwọn tó lù wọ́n kì í ṣe ènìyàn, òrìṣà ni wọ́n. Julius Késárì bá gbéra, ó lọ bá wọn ní abúlé, ó sì gbé iṣẹ́ 12 síwájú wọn: bí wọ́n bá ṣe é yọrí, òun yóò gbà pé òrìṣà ni wọ́n, òun yóò sì juwọ́ sílẹ̀ fún wọn, bí ọ̀kan péré bá já mọ́ wọn lọ́wọ́, ẹrú ni gbogbo wọn. Astérix, kúkurú ọlọ́gbọ́n, àti Obélix, sígbọnlẹ̀ onífun ńlá, ni abúlé rán jáde.

Ọ̀gá iléèwé wa gbà pé kí n fi í hàn wọ́n, ṣùgbọ́n ó bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò rí dáhùn tán: èwo nínú rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́, èwo sì ni yẹ̀yẹ́ lásán? Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé kí ọmọ má lọ kọ ọ́ sínú ìdánwò Ìtàn pé Késárì fi Róòmù ta àwọn ará abúlé kan lọ́rẹ. Èmi náà ní ìbéèrè tèmi. Ṣé gbogbo rẹ̀ ni kí n fi hàn wọ́n ni, àbí kí n mú apá kan? Ṣé ti Faransé gan-an ni kí a wò, àbí èyí tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì sí lẹ́nu? Àwọn ọmọ tí ojú wọn ti mọ́ fídíò orí fóònù, ṣé wọ́n á lè jókòó ti àwòrán àtijọ́ bí èyí?

Olùkọ́ Ìtàn, Ọ̀yọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Ọ̀gá yín kò ṣàṣejù, torí èmi fúnra mi ti rí ọmọ tó mú ọ̀rọ̀ inú fíìmù wá sínú ìwé ìdánwò. Ohun tó jẹ́ òtítọ́ nínú èyí kò pọ̀, ó sì rọrùn láti yà sọ́tọ̀. Òótọ́ ni pé Késárì gbógun ti ilẹ̀ Gaul láti ọdún 58 ṣáájú ìbí Kristi, òótọ́ sì ni pé àwọn ará Gaul kò fi ọwọ́ rọrọ mú un, nítorí pé Vercingetorix, olórí ogun kan nínú wọn, kó ọ̀pọ̀ ẹ̀yà wọn jọ sábẹ́ ara rẹ̀ kí àwọn ará Róòmù tó dó tì í ní ìlú olódi Alésia, níbi tó ti túúbá lọ́dún 52. Nígbà tí yóò fi di ọdún 50, èyí tí wọ́n fi ìtàn Astérix sí, kò sí abúlé kankan tó tún ń ko Késárì lójú mọ́. Bákan náà, Késárì tí fíìmù fi hàn pé ó fẹ̀yìntì sí ilé tuntun pẹ̀lú Cleopatra, ọbabìnrin Íjíbítì, láti máa sinmi kò rí irú ìsinmi bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn aṣòfin tirẹ̀ ló gún un pa lọ́dún 44. Àwọn adáhunṣe Gaul wà lóòótọ́, Késárì gan-an kọ nípa wọn nínú ìwé tó kọ lórí ogun náà, àmọ́ àwọn òkúta gàgàrà tí Obélix ń gbé pọ̀n káàkiri ti wà ní ìnàró ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí àwọn ará Gaul tó dé ibẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ létí ni pé kì í ṣe ayé Késárì ni àwọn tó ṣe fíìmù yìí ń sọ. Ayé tiwọn ni wọ́n ń sọ, ìyẹn ilẹ̀ Faransé ti ọdún 1976, tí wọ́n kàn wọ aṣọ Róòmù fún un. Wọn kò tilẹ̀ fi pamọ́. Láti ara ìtàn Hercules, akọni alágbára inú ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn ará Gíríìsì, ni wọ́n ti mú iye iṣẹ́ náà, Késárì inú fíìmù sì ni ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé iṣẹ́ ti Hercules ti di ti àtijọ́, ó yẹ kí a wá tuntun. Nígbà tí Astérix àti Obélix wọ ihò ẹranko abàmì lọ, ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n bá pàdé níbẹ̀, Alésia ni wọ́n sì kọ sí i lára. Ibùdókọ̀ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ wà ní Paris títí di òní. Ní orí òkè, ìyẹn iṣẹ́ kẹwàá, níbi tí arúgbó ọlọ́gbọ́n ti ń béèrè àlọ́, aṣọ fífọ̀ ló kó síwájú wọn, pé kí wọ́n mọ èyí tí wọ́n fi ọṣẹ òun fọ̀. Ìpolówó ọṣẹ orí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń fi ṣẹ̀sín, àwọn ọmọ yín yóò sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, nítorí irú rẹ̀ kò tíì kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n wa níhìn-ín. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní bébà, kí ó máa kọ ohunkóhun tó bá rí tí kò lè sí ní ọdún 50 ṣáájú ìbí Kristi. Èyí yóò tán ẹ̀rù ọ̀gá yín ju kí ẹ ṣe àlàyé fún odidi wákàtí kan lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Àwọn méjì tó dá Astérix sílẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Pilote lọ́dún 1959, René Goscinny àti Albert Uderzo, ọmọ àlejò ni àwọn méjèèjì: àwọn òbí Uderzo wá láti Ítálì, Goscinny ní tirẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Júù tí ìdílé rẹ̀ wá láti ìhà Poland àti Ukraine, Ajẹntínà ló sì dàgbà sí. Àwọn wọ̀nyí ló fún àwọn ará Faransé ní bàbá ńlá tí wọ́n fẹ́ràn jù lọ.

Òṣìṣẹ́ Ìjọba Tó Ti Fẹ̀yìntì, Ògbómọ̀ṣọ́

Tíṣà, bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo ni àkókò yín gbà, ìkẹjọ ni kí ẹ mú.

Ilé ńlá kan ni, ibi tó ń sọ ènìyàn di wèrè ni wọ́n ń pè é, ohun tí wọ́n sì ní kí àwọn méjèèjì lọ gbà níbẹ̀ kò ju ìwé àṣẹ kan tó ń jẹ́ A38 lọ. Kò sí kìnnìún níbẹ̀, kò sí ọ̀kọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí Obélix lè fi ọwọ́ gbá dànù. Gátímáànù ẹnu ọ̀nà kò gbọ́ràn, ó rò pé wọ́n wá forúkọ ọkọ̀ ojú omi sílẹ̀ ni, ó sì ń darí wọn sí èbúté. Ojú fèrèsé kan ní kí wọ́n lọ sí òmíràn, òmíràn ní kí wọ́n kọ́kọ́ gba fọ́ọ̀mù, àwọn obìnrin ọ́fíìsì ń tàkúrọ̀sọ láàárín ara wọn, àtẹ̀gùn ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, títí tí ojú Obélix fi bẹ̀rẹ̀ sí í ranjú. Ìgbà yẹn ni Astérix wá ọgbọ́n dá. Kò béèrè A38 mọ́. A39 ló lọ béèrè, pẹ̀lú àlàyé pé ìlànà tuntun B65 ló sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tó ń jẹ́ A39. Òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ sáré lọ bi ẹnì kejì, ẹnì kejì sáré lọ bi ẹnì kẹta, kò pẹ́ tí gbogbo ilé fi dàrú, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń gòkè sọ̀kalẹ̀ báyìí, ọ̀gá àgbà ibẹ̀ sì kó A38 fún Astérix kí ó sáà lè kúrò lójú òun.

Mo jókòó sẹ́yìn irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ títí tí mo fi gba ìwé ìfẹ̀yìntì, n kò ní sọ ọ́fíìsì wo ni, mo sì lè sọ fún yín pé ẹni tó kọ apá yìí mọ iṣẹ́ wa dénú. Ẹ kíyè sí ohun tó ṣẹ́gun àwọn òṣìṣẹ́ náà. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó lè la ẹnu sọ pé, "Èmi kò mọ A39." Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀tàn Astérix ti já nìyẹn. Àmọ́ ní ọ́fíìsì, ẹni tó bá sọ pé òun kò mọ̀ ti di òpè lójú ẹni tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, nítorí náà ohun tó yá ni kí ó gbé fáìlì náà lọ sórí tábìlì ẹlòmíràn.

Níbì kan, mo bá fíìmù náà jà. Ó mú òṣìṣẹ́ bí ẹni pé ó gbádùn àtidá aráàlú lóró. Lóòótọ́, a rí irú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ rí lójú fèrèsé kì í sábà ní àṣẹ kankan lọ́wọ́: ọwọ́ mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ bọ ìwé náà, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́wọ́ náà kò sí lórí sítì, ìsìnkú ló lọ, kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí òǹtẹ̀ wà nínú rẹ̀ sì wà nínú àpò rẹ̀. Aráàlú á dúró lójú fèrèsé, á máa wò mí bí olè. Ẹ sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ pẹ̀lú.

Ìyá Ọlọ́mọ, Ọ̀yọ́

Ẹ kú ìgbìyànjú o. Àwọn bàbá ti sọ ti ìtàn àti ti ọ́fíìsì, ẹ jẹ́ kí èmi sọ ti òbí. Iṣẹ́ kẹrin, ti erékùṣù ìgbádùn, ni kí ẹ kọ́kọ́ dá wò kí ẹ tó gbé e síwájú ọmọ ẹlòmíràn. Àwọn obìnrin arẹwà ni wọ́n ń fi orin fa ọkùnrin mọ́ra níbẹ̀. Kò sí ìwà ìtìjú tó fara hàn gbangba, ohun tó sì gba Obélix là yóò pa àwọn ọmọ lẹ́rìn-ín, nítorí pé ẹran ìmàdò ló béèrè, wọ́n ní àwọn kì í jẹ ẹ́, ó sì fi ìbínú kúrò nílùú wọn. Síbẹ̀, ẹ rántí pé àwọn òbí kan yóò béèrè.

Ohun kejì ni pé gbogbo orílẹ̀-èdè ni wọ́n fi ẹyọ ìwà kan ṣe àpèjúwe: ará Bẹ́ljíọ́mù ní láti jẹ́ alásè, ará Jámánì ní láti jẹ́ oníjàkadì, ará Íjíbítì ní láti jẹ́ onídán. Wọ́n fi àwọn Faransé náà ṣẹ̀sín, mo gbà. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ bá fẹ́ràn fíìmù yìí, wọn yóò wá àwọn ìwé aláwòrán rẹ̀ kiri, nínú àwọn ìwé yẹn sì ni wọ́n ti ya ènìyàn dúdú kan tó wà nínú ọkọ̀ àwọn olè ojú omi ní ìyàkuyà, pẹ̀lú ètè rẹpẹtẹ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá nìkan pàdé rẹ̀.

Iṣẹ́ kẹfà ni àwọn tèmi fẹ́ràn. Alásè Bẹ́ljíọ́mù náà gbé agbo àgùntàn wá odidi, ó gbé ràkúnmí wá, ó gbé erin wá, nígbà tó sì gbé abo màlúù àti ọmọ rẹ̀ wá, ó ní kò yẹ kí a tú ìdílé ká. Obélix jẹ gbogbo rẹ̀ tán, ó jáde, ó ń ráhùn pé ìpanu ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni òun tíì jẹ tí alásè fi sá lọ.

Ọmọ Àjàṣẹ́ Tó Ń Gbé Ọ̀yọ́

Tíṣà, ti Faransé gan-an ni kí ẹ lò. Mo lọ iléèwé ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní ilẹ̀ Benin tí wọ́n ti ń sọ Faransé, kí n tó wá sí ibí, mo sì mọ̀ pé ohun tó máa ń yọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lẹ́nu ni ìtọ́sọ́nà: gauche (òsì), droite (ọ̀tún), couloir (ọ̀dẹ̀dẹ̀), escalier (àtẹ̀gùn), étage (àjà ilé). Iṣẹ́ kẹjọ yẹn kún fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì ń tún wọn sọ léraléra. Ohùn Roger Carel, tó sọ̀rọ̀ fún Astérix, mọ́ gaara. Nínú ti Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti pààrọ̀ ọ̀pọ̀ orúkọ, bí ọmọ bá sì ti gbọ́ ọ̀kan tán, èkejì yóò dà á láàmú.

Nípa àwòrán, ẹ má ṣe ìyọnu. Ọwọ́ ni wọ́n fi yà á, ó sì dára ju èyí tó jáde lọ́dún 1967 lọ, ìyẹn fíìmù Astérix àkọ́kọ́, tí wọ́n ṣe ní Brussels láìsọ fún àwọn tó ni ìtàn. Inú Goscinny àti Uderzo kò dùn sí i, ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi dá ilé iṣẹ́ tiwọn, Studios Idéfix, sílẹ̀ ní Paris lọ́dún 1974. Àkọ́so èso ibẹ̀ ni eléyìí, kò sì sí ìwé tí wọ́n ti yọ ọ́ jáde. Fún sinimá gan-an ni wọ́n dìídì kọ ọ́. Goscinny kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní 1977, ilé iṣẹ́ náà kò sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bí iná bá ṣẹ́jú, fíìmù náà kò tó wákàtí kan àtààbọ̀, jẹnẹrétọ̀ kékeré lè gbé e.

Tíṣà Faransé, Ògbómọ̀ṣọ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. N kò ní fi gbogbo rẹ̀ hàn wọ́n. Iṣẹ́ kẹfà, ìkẹjọ àti ìkẹwàá ni mo máa mú, ní èdè Faransé, ìkẹjọ yóò sì wáyé lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti ka ọ̀rọ̀ Olùkọ́ Ìtàn sétí ọ̀gá wa, ó sì ní òun fúnra òun yóò pín bébà náà. Lẹ́yìn fíìmù, a máa to àwọn tábìlì kíláàsì bí ojú fèrèsé, àwọn ọmọ kan yóò jókòó sẹ́yìn wọn, àwọn yòókù yóò sì máa wá A38 kiri ní èdè Faransé. Bàbá tó ti fẹ̀yìntì, ìlú kan náà la jọ wà. Bí ẹ bá ráyè, a ti fi fèrèsé kìíní pamọ́ dè yín.

Òṣìṣẹ́ Ìjọba Tó Ti Fẹ̀yìntì, Ògbómọ̀ṣọ́

Màá wá, ṣùgbọ́n ẹ fi fèrèsé fún àwọn ọmọ. Gátímáànù ni kí ẹ jẹ́ kí n ṣe. Etí mi ọ̀tún kò kúkú gbọ́ràn dáadáa mọ́.