Ará Gánà lọkọ mi, surname mẹ́ta la gbé dé iwájú àwọn UK: ìrírí wa

Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìrírí yín lórí físà UK níbí, tọkọtaya ọmọ Nàìjíríà ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, mi ò tíì rí ẹni tí ọkọ tàbí ìyàwó ẹ̀ jẹ́ ará ìlú míì, ni mo bá ní kí n kọ tèmi náà. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, nọ́ọ̀sì sì ni mí. Kumasi lọkọ mi ti wá, Aṣáńtì ni. Accra ló ti ń ṣe tíṣà, ibẹ̀ la bí ọmọ wa sí, ibẹ̀ lọmọ náà sì ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀ nígbà tí mo fi ń bá ìdánwò NMC (àjọ tó ń fún nọ́ọ̀sì níwèé àṣẹ ní UK) jà n'Ìbàdàn. À ń lọ à ń bọ̀ ṣáá, torí ọmọ ECOWAS kì í gba físà kó tó rékọjá síra wọn.

2024 ni ọsibítù kan ní England fún mi níṣẹ́, tí wọ́n fi CoS (ìwé tí ibi iṣẹ́ fi ń ṣe onígbọ̀wọ́ èèyàn fún físà) ránṣẹ́. Ohun tí ẹbí mi kọ́kọ́ sọ ni pé kí n mú ọmọ dání, kí ọkọ mi ṣì dúró ná, tí ara mi bá ti mọlé tán kó wá bá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra fún ìmọ̀ràn yẹn. Ọmọ tó bá máa bá òbí ẹ̀ lọ bíi dependant (ẹbí tó ń bá onífísà iṣẹ́ lọ), ìyá àti bàbá ẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ máa lọ ni, tàbí kí wọ́n ti wà lọ́hùn-ún, àfi tí ọ̀kan bá ti kú, tàbí tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń dá tọ́ ọmọ náà tó ń dá pinnu gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí ẹ̀ lọ́wọ́. Bàbá ọmọ mi wà láàyè, òun ló ń gbé e lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi láràárọ̀, irọ́ wo ni mo fẹ́ pa? Mo sọ fún bàbá mi pé tí a bá máa lọ, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló wá jẹ́ iṣẹ́ gan-an. Kò di dandan kí ọmọ Aṣáńtì jẹ́ surname bàbá ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ ló máa fún un ní orúkọ kan, ọmọbìnrin tí wọ́n bí lọ́jọ́ Fráídé, Afua ni, tó bá jẹ́ ọkùnrin Kofi ni, bàbá á wá mú orúkọ ẹnì kan tó níyì nínú ẹbí ẹ̀ tì í. Orúkọ ìyá àgbà wọn lọkọ mi fún ọmọ wa, Afua Serwaa lorúkọ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ Boateng ni bàbá ẹ̀ ń jẹ́, èmi náà sì ń jẹ́ orúkọ bàbá tèmi nínú pásípọ́ọ̀tù. Surname mẹ́ta nìyẹn o, pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà kan, ti Gánà méjì. Àwa mọ̀ pé ẹbí kan ni wá, ìyá ọkọ mi mọ̀, gbogbo àdúgbò mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń yẹ fọ́ọ̀mù wò lórí kọ̀ǹpútà ò mọ̀ wá rí.

Sàtífíkéètì ìbí ọmọ nìkan ni ìwé tí orúkọ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé. Orí ẹ̀ náà sì ni òṣìṣẹ́ tó kọ ọ́ ti kọ orúkọ mi bó ṣe gbọ́ ọ létí, ó kọ Adiola dípò Adeola. Àwọn èèyàn ní lẹ́tà kan péré ni, kí n fi sílẹ̀, mo ní rárá. A lọ búra ní kóòtù, a mú pásípọ́ọ̀tù mi lọ, a lọ a bọ̀ títí wọ́n fi tẹ tuntun fún wa. Lẹ́yìn ìyẹn ọkọ mi jókòó kọ lẹ́tà ojú ìwé kan, ó ṣàlàyé bí àwọn Akan (ẹ̀yà ńlá tí Aṣáńtì wà nínú ẹ̀) ṣe ń sọ ọmọ lórúkọ, a so ó mọ́ ìwé ìgbéyàwó kóòtù wa, sàtífíkéètì ìbí ọkọ mi fúnra ẹ̀ àti fọ́tò ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Wọn ò padà béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wa lórí orúkọ yẹn títí físà fi jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí torí ó ń dùn mí. Àwọn kan ní kí n kọ́kọ́ gba pásípọ́ọ̀tù wa fún ọkọ mi kí gbogbo wa lè jọ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Níbo? Section 26 nínú ìwé òfin 1999, obìnrin àjèjì tó fẹ́ ọmọ Nàìjíríà ló ń bá sọ̀rọ̀, kò dárúkọ ọkùnrin àjèjì tí ọmọbìnrin wa bá fẹ́. Tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bá fẹ́ ará Gánà, ìyàwó ẹ̀ lè fi orúkọ sílẹ̀ di ọmọ ìlú, ọkọ tèmi ò lè gba ọ̀nà yẹn. Ọmọ ni wọ́n gbà fún mi, section 25 ní ọmọ tí wọ́n bí sẹ́yìn odi, tí ìyá tàbí bàbá ẹ̀ bá ti jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni. Ó yẹ kí wọ́n tún òfin yẹn ṣe, kò dáa rárá.

Tó bá kan owó, físà Health and Care Worker ni tèmi, £284 lórí èèyàn kọ̀ọ̀kan nígbà yẹn fún CoS tí ò ju ọdún mẹ́ta lọ, a ò sì san owó ìlera IHS. Tó bá jẹ́ Skilled Worker lásán ni, £1,035 lọ́dún ni fún àgbà, £776 fún ọmọdé. Àwọn tó bá iṣẹ́ kíà (títọ́jú arúgbó àti aláìlera) lọ, láti 11 March 2024 ni wọn ò ti jẹ́ kí wọ́n mú ẹbí dání mọ́. Ẹ tún wo CoS yín dáadáa, ibi iṣẹ́ lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn á gbọ́ bùkátà yín, ṣùgbọ́n ṣé wọ́n dárúkọ ẹbí mọ́ ọn? Èmi nìkan ni wọ́n kọ sí tèmi, ọkọ mi wá ní láti fi £285 fún ara ẹ̀ àti £315 fún ọmọ hàn, kí owó yẹn jókòó sí báǹkì fún ọjọ́ 28 láì dín. Cedi ń já, náírà ń já, ẹ̀yin ẹ fi owó tó ju ìyẹn lọ dáadáa síbẹ̀.

Àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, Ikẹja ni mo ti ṣe tèmi lọ́dọ̀ IOM (àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣí kúrò nílùú), àwọn ṣe tiwọn l'Accra. Wọn kì í ya X-ray fún ọmọ tí ò tíì pé ọdún 11, ìbéèrè ni dókítà máa bi yín. Oṣù mẹ́fà péré ni ìwé yẹn ń lò, ẹ má tètè lọ ṣe é jù.

Àǹtí kan béèrè bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni tòun tí ọkọ òun ti di ọmọ ìlú Britain. Rárá o mà, ọ̀nà míì nìyẹn. Láti 11 April 2024, £29,000 lọ́dún ni wọ́n fẹ́ kí ọkọ yín máa gbà, £18,600 ni tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin náà sì máa ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì A1 (ìpele tó rọrùn jù) àfi tí ẹ bá ní dìgírì tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yín. Wọn ò béèrè Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ọkọ tèmi rárá.

Èmi ni mo kọ́kọ́ dé, ọkọ mi àti ọmọ sì jọ wá bá mi. Ní Heathrow, ẹni tó ń wo pásípọ́ọ̀tù béèrè pé kí ló dé tí orúkọ ọmọ ò bá ti bàbá mu, ọkọ mi fa sàtífíkéètì ìbí yọ láti inú báàgì ọwọ́, ó wò ó, ó ní kí wọ́n máa lọ. Ẹ má kó ìwé yẹn sínú ẹrù tó ń wọ abẹ́ ọkọ̀ òfurufú o. Ní báyìí ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, torí físà dependant gbà á láyè, ọmọ ti pé ọdún mẹ́ta, ó ń gba wákàtí 15 ọ̀fẹ́ ní nursery, wọn ò fi no public funds (òfin tí kò jẹ́ kí onífísà gba owó ìrànwọ́ ìjọba) dí ìyẹn lọ́wọ́ ní England. Ẹni tọ́rọ̀ orúkọ ọmọ bá ń yọ lẹ́nu bíi tiwa, kọ ọ́ sísàlẹ̀, lẹ́tà tí ọkọ mi kọ ṣì wà lọ́wọ́ mi, màá fi bó ṣe tò ó hàn yín.