Ajímọ́tò kọ́, ayíjí ni: lórí orúkọ kíìkì ọkọ̀ àti àwọn ẹ̀yà rẹ̀

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi nínú ìjíròrò yìí, mo kí yín láti Adó-Èkìtì. Mo ti ka àkójọ ọ̀rọ̀ tí arákùnrin wa tó ń túmọ̀ ìwé ìkọ́ṣẹ́ kan sí èdè Yorùbá fi ránṣẹ́, ìwé tó dá lórí bí a ṣe lè mú ìgbékalẹ̀ àwọn ẹ̀yà kíìkì ọkọ̀ dára sí i, ìyẹn mọ́tò oníná kékeré tó ń yí ẹ́ńjìnnì kí ó tó jí. Ó pe kíìkì fúnra rẹ̀ ní "ẹ̀rọ ìbẹ̀rẹ̀", ó pe ìgbékalẹ̀ ní "ọnà", ó pe kábọ́ọ̀nù (èédú kékeré tó ń gbé iná wọ inú kíìkì) ní "ìgbálẹ̀ iná", ó sì pe bẹ́ńdíìsì (ẹ̀yà tí kíìkì fi ń di ẹ́ńjìnnì mú) ní "kílọ́ọ̀ṣì àsárékọjá". Bàbá wa kan láti Ìkẹ́rẹ́ fèsì pé kí a kúkú pe kíìkì ní "ajímọ́tò", nítorí pé òun ló ń jí mọ́tò. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ìkankan nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí, nítorí pé ó hàn nínú gbogbo wọn pé inú ìwé ni a ti wo kíìkì, a kò wò ó lórí tábìlì réwáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, tó ti tú u palẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ajímọ́tò kúrò lọ́nà. Jí ti ẹni tó là lójú oorun àti jí ti olè, ohùn òkè kan náà ni wọ́n ní, àmì ohùn kò sì lè yà wọ́n. Bí a bá ti wá fi a- síwájú, tí a sì fi àbọ̀ sẹ́yìn, ti olè nìkan ni etí Yorùbá máa ń gbọ́, nítorí pé ajínigbé ti gba ipò náà, ó sì ti bà á jẹ́. Bí ẹnìkan bá sọ pé òun bá ajímọ́tò lábẹ́ ọkọ̀ òun ní òwúrọ̀, ọlọ́pàá ni gbogbo àdúgbò yóò sáré pè, kò sí ẹni tí yóò pe réwáyà.

Ní ti "ẹ̀rọ ìbẹ̀rẹ̀", ìbẹ̀rẹ̀ nínú èdè wa ni orí nǹkan tàbí ohun tó ṣáájú. Ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tí a kọ́kọ́ kọ́. Ẹni tó bá gbọ́ ẹ̀rọ ìbẹ̀rẹ̀ lè rò pé ẹ̀rọ tí ayé kọ́kọ́ ṣe ni à ń wí. Àwọn kan tún ti dábàá "aṣáná" nítorí pé a máa ń sọ pé awakọ̀ ṣáná sí ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kíìkì kì í ṣá iná kankan. Nínú ẹ́ńjìnnì tó ń lo bẹntiróòlù, iṣẹ́ púlọ́ọ̀gì ni iná ṣíṣá. Nínú èyí tó ń lo dísùùlù, kò tilẹ̀ sí púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná, ooru afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ ló ń mú kí epo gbiná. Ohun tí kíìkì ń ṣe kò ju pé ó ń yí ẹ́ńjìnnì lọ, bí igba ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, títí tí ẹ́ńjìnnì yóò fi fa afẹ́fẹ́ àti epo, tí yóò fún wọn pọ̀, tí iná tirẹ̀ yóò sì mú. Yíyí ni iṣẹ́ kíìkì, jíjí sì ni àbájáde iṣẹ́ náà.

Nítorí náà ni mo ṣe dábàá "ayíjí". A ń sọ pé ó yí i dànù, ó gbá a jí, ó lù ú pa. Ọ̀rọ̀-ìṣe àkọ́kọ́ sọ ohun tí a ṣe, èkejì sọ ohun tó yọrí sí. Kíìkì yí ẹ́ńjìnnì jí. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn onímọ̀ gírámà bá fẹ́ kí àbọ̀ hàn láàárín, kí ó kọ "ayẹ́ńjìnnìjí" sínú ìwé atúmọ̀, kí ó sì jẹ́ kí àwa yòókù máa pe èyí tí ẹnu lè gbé. Ẹnìkan lè bi mí pé nígbà tí ìgboro ti ń sọ kíìkì, kí ló dé tí n kò mú "agbájí"? Orí alùpùpù ni gbígbá yẹn ti wá, níbi tí a ti ń fi ẹsẹ̀ gbá a ní tòótọ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí ti ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fi irin alápá kan bọ imú rẹ̀, bí ẹ́ńjìnnì bá sì ṣàdédé yí padà sẹ́yìn, irin náà lè ṣẹ́ ẹni tó dì í mú ní ọrùn ọwọ́. Nígbà tí Charles Kettering àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Dayton ní Amẹ́ríkà ṣe kíìkì oníná ní ọdún 1911, tí ilé iṣẹ́ Cadillac sì fi í sínú ọkọ̀ rẹ̀ ti ọdún 1912, ọwọ́ tó ń yí ni wọ́n fi iná rọ́pò.

Bẹ́ńdíìsì ló le jù, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀. Orúkọ ènìyàn ni, Vincent Bendix, ará Amẹ́ríkà tó ṣe ohun èlò kan tí jíà kékeré fi ń rìn lórí ọ̀pá tí a gbẹ́ ọ̀nà yípo sí lára: bí ọ̀pá bá ṣàdédé yí, jíà náà kò lè tètè bá a yí nítorí ìwúwo rẹ̀, ó ń lọ síwájú lórí ọ̀nà yẹn títí yóò fi kó sí eyín fláíwíìlì, wíìlì wúwo tó ń bá ẹ́ńjìnnì yí. Èyí tó pọ̀ jù nínú kíìkì òde òní kò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu wa. Òòfà iná (mo fi èyí rọ́pò sólónọ́ìdì, kò sì yẹ kí ó fa àríyànjiyàn) ló ń fa irin kan, irin náà ń gbé àmúga, àmúga ń ti jíà kékeré síwájú, ìgbà tí òòfà bá sì dé òpin ìrìn rẹ̀ ni ó tó so ojú iná ńlá tí kíìkì fi ń yí tagbáratagbára pọ̀. Láàárín jíà kékeré náà àti ọ̀pá ni ohun tí arákùnrin wa pè ní àsárékọjá wà. Àwọn irin roboto kéékèèké ló wà nínú kòtò tí apá kan rẹ̀ fẹ̀, tí apá kejì fún, tí sípíríńgì ń tì wọ́n sí ibi tó fún. Nígbà tí kíìkì ń yí ẹ́ńjìnnì, wọ́n há, ohun gbogbo sì di ọ̀kan. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá jí, tó sì yára ju kíìkì lọ, wọ́n yọ̀ bọ́ sí ibi tó fẹ̀, jíà kékeré sì ń dá yí lásán.

Ẹ wo ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ bí kò bá sí i. Bí eyín fláíwíìlì bá jẹ́ 135, tí ti jíà kékeré sì jẹ́ 9, yíyí kan ti ẹ́ńjìnnì jẹ́ yíyí 15 fún jíà kékeré. Ẹ́ńjìnnì tó bá jí, tó ń yí ní 1,000 ní ìṣẹ́jú kan, yóò fẹ́ yí àmíṣọ̀, irin tí a wé wáyà mọ́ tó ń yí nínú kíìkì, ní 15,000, wáyà ara rẹ̀ yóò sì tú jáde. Ta ló wá sáré kọjá nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ́ńjìnnì ni, kì í ṣe kílọ́ọ̀ṣì. Orúkọ tí a fún un di ẹ̀sùn tí a kà sí ẹlòmíràn lọ́rùn. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó dè, nígbà tí ó bá sì yẹ, ó jọ̀wọ́. Mo pè é ní "ìdè ajọ̀wọ́". Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìdè tó ń bẹ̀bẹ̀ ni, kò burú. Ibi tí n ó ti dán an wò ni ẹnu ọmọ iṣẹ́. Àrùn méjì ló ń ṣe ẹ̀yà yìí: ó lè kọ̀ láti há, kíìkì a máa yí lásán tí ẹ́ńjìnnì kò ní mira, ó sì lè kọ̀ láti jọ̀wọ́, ìyẹn a sì máa ba àmíṣọ̀ jẹ́. "Ìdè ajọ̀wọ́ yìí kò há mọ́." "Ìdè ajọ̀wọ́ yìí kò jọ̀wọ́ mọ́." Ẹ fi àsárékọjá sọ gbólóhùn méjèèjì kí ẹ wò ó.

Jíà kékeré àti èyí tó yí fláíwíìlì ká kò ní orúkọ nínú àkójọ náà rárá, "jíà kìíní" àti "jíà kejì" ni ó pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ orúkọ wọn wà nílẹ̀. Ọlọ ní ìyá, ó ní ọmọ. Odó ní ọmọ odó. Èyí tó tóbi tí a ń bá níbi tó wà ni ìyá, kékeré tó ń lọ bá a ni ọmọ. Kí wọ́n jẹ́ ìyá jíà àti ọmọ jíà. Ibi tí wọ́n ti ń pàdé gan-an ni àtúnṣe ìgbékalẹ̀ pọ̀ sí, nítorí pé eyín lè kọ́kọ́ kan eyín lórí, tí kò ní wọlé. Wọ́n máa ń gé etí eyín ọmọ jíà ní ìdagẹ̀rẹ̀ kí ó lè yọ̀ wọlé, wọ́n sì máa ń fi sípíríńgì sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí òòfà lè parí ìrìn rẹ̀ bí eyín bá tilẹ̀ kan ara wọn. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin sì sábà máa ń dúró sí ibi méjì kan náà bí a bá pa á, nítorí náà ibi méjì yẹn ni eyín ìyá jíà ti ń jẹ. Ìdagẹ̀rẹ̀ etí eyín kì í ṣe ọnà. Ọnà ni ti ara igbá àti ti ara ilẹ̀kùn ààfin, ẹwà ni ó ń lé. Ìgbékalẹ̀ ni kí a máa lò.

Ibì kan wà tí arákùnrin wa ti kọ "kíìkì onídìínkù", níbi tó ti ń sọ nípa irú èyí tí ilé iṣẹ́ Chrysler gbé jáde ní ọdún 1962, tí jíà mìíràn wà láàárín àmíṣọ̀ àti ọmọ jíà. Ẹni tó bá kà á yóò rò pé agbára rẹ̀ ló dín kù, òdìkejì sì ni. Eré ni jíà náà ń dín, agbára tí a fi ń yí nǹkan ló ń fi kún un, ìdí sì nìyí tí àmíṣọ̀ kékeré fi lè yí ẹ́ńjìnnì ńlá. Jíà apààrọ̀ ló tọ́, nítorí pé pàṣípààrọ̀ ni.

Kábọ́ọ̀nù ńkọ́? Lóòótọ́, ìdì wáyà bàbà tó jọ búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò nínú àwọn mọ́tò àtijọ́, ibẹ̀ ni Òyìnbó ti rí orúkọ rẹ̀. Lónìí, èédú tí a fún pọ̀ ni, nígbà mìíràn tí a po bàbà mọ́. Réwáyà tó ń pè é ní kábọ́ọ̀nù súnmọ́ òtítọ́ ju Òyìnbó tó ń pè é ní búrọ́ọ̀ṣì lọ, ìgbálẹ̀ sì jìnnà sí i pátápátá. Ẹ jẹ́ kí kábọ́ọ̀nù wà, kí a sì fi àmíṣọ̀ náà sílẹ̀ bí ó ti wà.

Ọ̀rọ̀ kan kù, èyí tó kan àwa ará Èkìtì. A kì í sọ ilé tàbí iṣẹ́ níbí, ulé àti uṣẹ́ là ń sọ, nítorí náà ìdè yóò di ùdè lẹ́nu ọmọ iṣẹ́ ní Ìjerò tàbí ní Ìkọ̀lé. N kò rí i bí ìdíwọ́, ṣùgbọ́n níbi tí a bá ti lè yan ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú a-, bí ayíjí, ajọ̀wọ́ àti apààrọ̀, gbogbo ẹ̀ka èdè ni yóò pè é bákan náà, mo sì fẹ́ kí arákùnrin wa fi èyí sọ́kàn nígbà tí ó bá dé orí àwọn ẹ̀yà tó kù nínú ìwé náà.