Láíbìrì dá thesis mi padà, ọjọ́ Jímọ̀ ló sì parí!

Àṣàkẹ́ Ìgbọ́nà (Leeds): Ẹ̀yin ọmọ Òròkí, ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Láàárọ̀ yìí ni láíbìrì dá thesis mi padà. Gbogbo ibi tí mo kọ Ọ̀ṣun àti Atáọ́ja sí ló di àpótí kéékèèké nínú PDF. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa gbà á mọ. Fọ́ọ̀mù wọn tún ń bi mí bóyá kí wọ́n gbé e síta lójú ẹsẹ̀ tàbí kí n fi embargo ọdún kan tàbí méjì sí i, ìyẹn ni kí wọ́n tì í pa kí ẹnikẹ́ni má lè kà á títí ọdún ọ̀hún fi pé. Supervisor mi wà ní ìsinmi, kò gbé fóònù. Àwòrán Igbó Ọ̀ṣun sì kún inú rẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á ní kí n yọ wọ́n.

Bùọ̀dá Òkè-Fìà (Houston): Àbúrò mi, fọkàn balẹ̀. Font tí kò bá PDF wọlé ló fa àpótí yẹn. Tí o bá ń sọ Word di PDF, tẹ Options, wàá rí ibi tí wọ́n kọ PDF/A sí (irú PDF tó wà fún ìpamọ́), fi àmì sí i. Lẹ́yìn náà ṣí i nínú Adobe Reader, lọ sí Properties, kí o tẹ Fonts. Font kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní "Embedded" tàbí "Embedded Subset" lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Èmi ò mọ èyí nígbà tèmi. Wọ́n dá a padà títí ọjọ́ fi kọjá, ni mo bá tún san owó ilé-ẹ̀kọ́ sáà kan gbáko nítorí ẹ àti ọ.

Ìyá Ìbejì (Toronto): Kó pààrọ̀ font ọ̀hún pátápátá. Charis SIL tàbí Gentium gba àmì ohùn lórí ẹ àti ọ láìfọ́. Kó sì yẹ abstract inú fọ́ọ̀mù wò lọ́tọ̀, torí ibẹ̀ náà máa ń bà á jẹ́. Níbi tí wọ́n ti ń béèrè keywords, Àṣàkẹ́, kọ Òṣogbo pẹ̀lú àmì, kọ Osogbo láìlámì, kí o tún kọ Oshogbo.

Ọmọ Ayétòrò (Berlin): Ẹ̀yin tiẹ̀ rọ́wọ́ mú. Ní Jámánì níbí, bí o bá jà títí o yege, o ò tíì lè pe ara rẹ ní Dókítà àfi tí iṣẹ́ náà bá jáde tí láíbìrì sì ti gba ẹ̀dà tirẹ̀.

Alàgbà Ọjà Ọba (London): Embargo ọdún méjì, Àṣàkẹ́, má ṣe méjì lọ́kàn. Mo gbé tèmi síta lọ́jọ́ tí mo fi sílẹ̀, inú mi ń dùn. Ìgbà tí mo fẹ́ sọ ọ́ di ìwé, òǹtẹ̀wé bi mí pé kí ló kù tí òun máa tà.

Ìyá Ìbejì (Toronto): Alàgbà, ẹ dákun, ẹ má kó o sí wàhálà. Ọdún márùn-ún ni mo fi ti tèmi pa. Àwọn ọmọ UNIOSUN nílé ń kọ̀wé sí mi, àkọlé àti abstract nìkan ni wọ́n rí. Kí ọdún ó tó pé, ẹlòmíràn ti kọ ohun kan náà, òun ni gbogbo èèyàn ń tọ́ka sí. Orí ìlú wa la ṣe ìwádìí, ará ìlú wa ò sì lè kà á!

Bùọ̀dá Òkè-Fìà (Houston): Ẹyin lọ̀rọ̀, Ìyá Ìbejì. Embargo ṣeé ká kúrò bó bá wù ú. Èyí tó ti jáde, ta ló máa lọ kó o padà?

Ìyá Ìbejì (Toronto): Ta ló ní kó kó o padà? Kí wọ́n kà á!

Àṣàkẹ́ Ìgbọ́nà (Leeds): Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣé. Font ti bọ́ sípò, mo rí ẹ́ àti ọ̀ kedere báyìí. Àwọn àwòrán ńkọ́?

Alàgbà Ọjà Ọba (London): Àwọn wo lo yà fúnra rẹ? Susanne Wenger, oníṣẹ́-ọnà tó ṣe àwọn ère inú Igbó Ọ̀ṣun, kú ní 2009, ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ sì wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú. Ṣùgbọ́n òfin 1988 ti ìlú tí o wà yìí gbà kí o ya ère tó dúró gbọin níbi tí gbogbo ayé ń wọ̀. Èyí tí o mú nínú ìwé ẹlòmíràn ni wàhálà. Bi láíbìrì bóyá wọ́n ń gba ẹ̀dà méjì: ọ̀kan pípé fún ìpamọ́, ọ̀kan tí o ti yọ tẹlòmíràn kúrò fún gbogbo ayé.

Àṣàkẹ́ Ìgbọ́nà (Leeds): Mo fẹ́ wo bí àwọn tó ṣáájú ṣe ṣe é, EThOS, àkójọ thesis ti British Library, ò gbé mi débì kankan.

Alàgbà Ọjà Ọba (London): Láti October 2023 tí àwọn ọ̀daràn ti kọlu British Library ni ìyà yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Lọ sórí repository yunifásítì kọ̀ọ̀kan, ibi tí wọ́n ń kó thesis wọn sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Oshogbo ni kí o fi wá èyí tó pẹ́.

Bùọ̀dá Òkè-Fìà (Houston): Ti Amẹ́ríkà wà lórí ProQuest, àkójọ thesis tiwọn. Àwọn àtijọ́ ti ara microfilm wá (fíìmù kékeré tí wọ́n ya ojú ìwé sí), ilé-iṣẹ́ UMI ní Ann Arbor ti ń ṣe é láti 1938. Mo ṣí ọ̀kan tó dá lórí àdìrẹ, gbogbo àwòrán ti dúdú kirikiri, o ò lè mọ ibi tí ẹ̀kọ ti bẹ̀rẹ̀ tí aró parí sí. Àánú aṣọ yẹn ṣe mí.

Ọmọ Ayétòrò (Berlin): Ẹ má dárúkọ ẹ̀kọ fún mi ní àsìkò yìí.

Bùọ̀dá Òkè-Fìà (Houston): Wá sí Houston! Oòrùn wa bíi ti Òṣogbo gẹ́lẹ́.

Ìyá Ìbejì (Toronto): Oòrùn nìkan lẹ ní. Àmàlà Toronto la fi ń gba àlejò.

Alàgbà Ọjà Ọba (London): Ẹ dé Peckham kí ẹ tó sọ̀rọ̀ àmàlà. Ẹ̀lùbọ́, irú, ewédú, gbogbo rẹ̀ pé.

Ọmọ Ayétòrò (Berlin): Ẹ fi irú ránṣẹ́ sí wa ná! Kì í ṣe oúnjẹ nìkan ni àárò rẹ̀ ń sọ mí. Alẹ́ tí wọ́n bá tan iná Olójúmẹ́rìndínlógún láàfin, tí Atáọ́ja jáde tó ń jó yí i ká, tí ẹnikẹ́ni ò sùn.

Ìyá Ìbejì (Toronto): Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú. Ta ló tún ń lọ ní August?

Bùọ̀dá Òkè-Fìà (Houston): Ẹ bá mi ra àdìrẹ ẹlẹ́kọ ọ̀pá mẹ́wàá. Aró gidi o, kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Màá fi owó ránṣẹ́ lálẹ́ yìí.